Ojú Tó Ń Wo Ọ̀ọ́kán

"Wò ó! Ajá ọdẹ tí kò rí bárò, ṣé ehoro ló máa wá rí nínú igbó?"

Ọkọ Ìyá Alájá ló ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àga onírin lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ń di apá àga mú. Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀fúùfù, ajá tí wọ́n ti ń torí ẹ̀ ṣe wàhálà láti àárọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyà gbá bárò tí bíríkìlà gbàgbé sí àárín àgbàlá. Bárò náà dojú dé. Ariwo rẹ̀ mú kí àwọn ọmọ ajá méjèèjì tó wà nínú ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ìyá Alájá kò rẹ́rìn-ín. "Ó ń ronú ni," ó wí.

"Ajá ló ń ronú?"

"Tí ẹ ò bá ní nǹkan gidi sọ, ẹ jẹ́ n gbọ́ ti ara mi."

"Má bínú o, Ìyá Alájá. Èmi kàn mọ̀ pé ajá tó máa sọnù ni wọ́n ní kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọn ò sọ fún wa pé kì í rí bárò." Ó tún bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àwàdà tí kò rí ẹni ṣe é fún lójú pópó nígbà náà, ìyàwó ẹ̀ ló kù tó ń ṣe é fún.

Ìyá Alájá gbé bárò náà dìde, ó tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì padà wá fọwọ́ pa ajá náà láyà. Kò ṣèṣe.  Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ìyá Alájá kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí nǹkan nípò nínú àgbàlá yẹn. Àpótí ìjókòó, ike omi, okùn ìsáṣọ, ibi tí wọ́n bá wà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Ó ti pariwo mọ́ ọkọ ẹ̀ lórí korobá lásán. Tí èèyàn bá bi í pé kí ló dé, á ní òun fẹ́ràn kí nǹkan wà létò ni. Ara ń fu ú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ara fu òun.

Aránṣọ ni Ìyá Alájá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, ilé ajá wà lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó máa wá gba aṣọ tí kò ní gbọ́ ìtàn ajá kó tó lọ. Irú ajá ọdẹ àtayébáyé ni wọ́n, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, oníkùn pẹlẹbẹ, tí imú wọn rí ṣóńṣó. Àwọn baba ńlá wọn kì í fi imú tọ ẹran lẹ́sẹ̀ bíi ti ajá yòókù, ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Wọ́n á dúró sórí òkè, wọ́n á wo ọ̀ọ́kán, bí ehoro bá ti mira báyìí, wọ́n ti dé ibẹ̀. Ìgbà tí ìbọn dé niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ló tún ń wá ajá tó mọ eré sá nígbà tí ọta wà? Wọ́n ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìwọ̀nba tí ẹgbẹ́ àwọn alájá ọdẹ ń sìn, tí wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún kí adájọ́ wò wọ́n, kó sì fi ife ẹ̀yẹ dá èyí tó dára jù lọ́lá.

Alága ẹgbẹ́ ló kọ́ ọ. Bàbá arúgbó náà kò níyàwó, kò bímọ, ajá wọ̀nyí ni ìyàwó, àwọn náà ni ọmọ. Òun ló fún Ìyá Alájá ní abo àkọ́kọ́, ìyá tó bí Ẹ̀fúùfù. Ẹ̀kọ́ tó sì fi ṣáájú gbogbo ẹ̀kọ́ ni pé, "Má wo ẹsẹ̀ kó o tó wo ojú. Ajá tó bá ń wo ojú èèyàn, ìránṣẹ́ ni. Èyí tó bá ń wo ọ̀ọ́kán gba orí ẹ kọjá bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀, ọdẹ nìyẹn."

Ẹ̀kọ́ yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé. Bí abo bá bímọ, èyí tó ń wo ọ̀ọ́kán ni wọ́n máa ń mú sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ń sáré kiri, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n á fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Àwọn adájọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú yẹn ni wọ́n máa ń fún ní máàkì jù. Kò sì sí ajá kankan nínú ẹgbẹ́ tó ní irú rẹ̀ tó Ẹ̀fúùfù. Ó gba ife ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbà á ní èṣí. Bó bá tún gbà á lọ́jọ́ Sátidé yìí, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé òun ni wọ́n máa fi ṣe bàbá. Gbogbo abo tó kù ni wọ́n máa kó wá bá a. Ti Alága ló máa ṣáájú, nítorí abo náà ti ń wá akọ, bàbá náà sì ti sọ pé òun á gbé e dání wá síbi ìfihàn.

Lọ́jọ́ kejì tí ajá gbá bárò, Alága wá wò ó. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ ibòòji. Ìyá Alájá fi okùn fa Ẹ̀fúùfù jáde, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ níwájú adájọ́. Ajá náà gbé orí sókè, kò mira.

Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, omi ti lé sí i lójú. "Wo ojú yẹn. Bàbá mi máa ń sọ fún mi nípa ojú yẹn, mo rò pé àsọdùn ni. Ọmọ mi, o ti ṣe ohun tí apá tèmi ò ká."

Inú Ìyá Alájá dùn, ẹ̀rù sì bà á, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín."

"Bi mí."

"Ìyá ẹ̀ yìí. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kú, ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà? Á fara ti ògiri, á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́."

"Ìgbéraga ni. Tí wọ́n bá ti dàgbà, wọn kì í fẹ́ bá èèyàn da nǹkan pọ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo wọn, Bàbá?"

"Gbogbo wọn. Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Ìyá ìyá ẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ṣe mọ́ tó ló ṣe máa ń tètè dé sí wọn." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ajá á ti gbó kó tó máa rí bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, wọn ò tíì darúgbó, ó ti mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ náà ń mọ́ sí i ni."

 Ìyá Alájá sin bàbá náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró ń wo ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà, ó sì padà lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú iṣẹ́, ohun tí kì í ṣe rí.

Òwú wà nínú àpò kan lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀, èyí tó máa ń kì sí èjìká kóòtù. Ó bu díẹ̀, ó ká a rogodo. Ó pe Ẹ̀fúùfù wọlé, ajá náà sì rọra gba àárín tábìlì àti máṣíìnì kọjá, kò fara kan nǹkan kan, nítorí láti kékeré ló ti mọ yàrá náà. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ìyá Alájá na ọwọ́ sókè, ó jọ̀wọ́ òwú náà níwájú ojú ẹ̀.

Òwú kì í dún tó bá bọ́. Ohun tó ṣe mú òwú nìyẹn. Ó bọ́ sílẹ̀ níwájú imú ajá náà, ajá ń wo ògiri. Ó tún mú òmíràn, ó jù ú gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Kò yíjú. Ó jù ú gba òsì. Kò yíjú. Ó fa aṣọ fèrèsé kó lè mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ajá náà sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹnì kan pa á láṣẹ pé kó má rìn mọ́.

"Ẹ̀fúùfù," ó pè é.

Ajá náà yíjú sí ohùn náà, ó ju ìrù. Ojú rẹ̀ gba orí Ìyá Alájá kọjá, ó dára bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́.

Ó lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Ẹ̀fúùfù ló bí wọn, wọn ò tíì pé ọdún. Èyí tó jẹ́ abo ni àyànfẹ́ rẹ̀, òun ló mú sílẹ̀ nínú gbogbo wọn, nítorí láti ìgbà tó ti lajú ló ti ń wo ọ̀ọ́kán. Èyí tó jẹ́ akọ ni wọ́n ń pè ní Olófòófó. Kò sóhun tó ń lọ nínú ilé tí kì í yọjú sí. Bó o bá ń jẹun, ó ń wo ẹnu ẹ. Bó o bá ń ṣí àpò, ó ń wo ọwọ́ ẹ. Ìtìjú ló jẹ́ fún Ìyá Alájá bí àlejò alájá bá wá, ó sì ti bá dókítà ẹran sọ ọ́ pé kó wá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ó ju òwú níwájú àyànfẹ́. Òwú bọ́. Àyànfẹ́ ń wo ọ̀ọ́kán.

Kò tíì jù ú níwájú Olófòófó tán tí ìyẹn fi fò sókè, ó hán an lófuurufú, ó sì gbé e lọ sábẹ́ tábìlì lọ fà á ya.

Ìyá Alájá jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn èérún aṣọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tó rí yé e dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi lè dìde. Láti ọdún tó ti ń sin ajá, òun fúnra òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn tí kò ríran sílẹ̀, tó ń fi àwọn tó ríran tọrẹ. Àfọwọ́fà ni. Òun nìkan kọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tù ú nínú rárá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, dókítà ẹran dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Olófòófó dà, Mà? Ṣé ẹ ò tíì fún un lóúnjẹ?"

"Fi Olófòófó sílẹ̀ ná. Bá mi wo ojú bàbá ẹ̀."

Dókítà tan iná kékeré kan sí ojú Ẹ̀fúùfù, ọ̀tún, òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó wo ti àyànfẹ́. Ó pa iná náà, ó sì jókòó ti Ìyá Alájá, èyí tí kì í ṣe.

"Ẹ̀yìn ojú wọn ló ń kú, Mà. Alẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń mú lọ, á wá mú ọ̀sán. Ti bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

"Kò sí oògùn?"

"Kò sí. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni. Ẹ má jẹ́ kí bàbá gun abo kankan mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yìí bímọ."

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi ṣe bàbá gbogbo ẹgbẹ́."

Dókítà náà wò ó, ó wo ajá. "Ajá yín ni, Mà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ̀."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Olófòófó sìn ín dé géètì, ó ń yọjú wo inú àpò náà, kò mọ ohun tí orí kó o yọ.

Ọkọ Ìyá Alájá ń bó ọsàn nígbà tó wọlé lọ bá a. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkùnrin yẹn kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo sì ń fi bárò yẹn rẹ́rìn-ín," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Ife á wọlé. Gbogbo abo á wá. Láàárín ọdún díẹ̀, ajá tó ríran ò ní sí mọ́."

"Tó o bá sọ ọ́?"

"Bàbá yẹn á kú. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Kò ní nǹkan mìíràn láyé. Ẹgbẹ́ á sì lé mi. Ta ló máa fẹ́ gbọ́ pé ohun tí òun fi ọjọ́ ayé òun ṣe, àìsàn lòun ń tọ́jú?" Ó ń sunkún, kò sì nu ojú. "Wọ́n ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni iná ń jó níbí?" Ọkùnrin náà nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Kì í ṣe ìwọ."

 Ìyá Alájá lọ fọ Ẹ̀fúùfù, ó yà á nírun, ó gé èékánná rẹ̀, nítorí ìfihàn kù sí ọ̀la, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, òórùn ọṣẹ àti ajá ló gbà á kan. Wọ́n ti fi okùn yí agbo ká láàárín, tábìlì adájọ́ wà ní ìparí kan, àwọn òǹwòran jókòó yí ká. Ẹ̀fúùfù fara mọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Alájá bó ṣe ń rìn. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn, wọ́n ń sọ pé, "Òun nìyẹn." Alága jókòó sí iwájú pátápátá, abo rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ó juwọ́ sí i. Ìyá Alájá kò tíì pinnu nǹkan kan. Bóun bá gba ife ná, ó ń rò ó, òun lè wá àyè sọ fún bàbá náà ní ìkọ̀kọ̀. Òun lè ní ajá náà ń ṣàìsàn. Irọ́ pọ̀ lọ́jà.

Wọ́n tò sínú agbo. Ajá mẹ́wàá ó lé ni, wọ́n dúró gbọnrangandan, orí wọn wà lókè, kò sí èyí tó mira. Àwọn òǹwòran mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan lẹ́yìn okùn ní, "Wo bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀nà jíjìn. Bí ọba ni wọ́n rí."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Alájá gbé ojú sókè wo àwọn ajá yòókù. Títí di ìgbà yẹn, ti ara rẹ̀ ló ń rò. Ìdì òwú kékeré kan wà lápò rẹ̀, kò mọ ìgbà tó kó o síbẹ̀. Ó já a sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n yí agbo po, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ajá tó bá kọjá lára rẹ̀. Ajá ẹni àkọ́kọ́ kò wò ó. Ti ẹnì kejì kò wò ó. Ó ń jù ú, ó ń bọ́, funfun báláú lórí ilẹ̀ pupa, kò sí ojú kan tó yí. Ajá kan ṣoṣo, èyí tó dúró sí ìparí tí etí rẹ̀ kan ti wó, ló bẹ orí mọ́lẹ̀ wò ó. Olówó rẹ̀ fa okùn ọrùn rẹ̀ gbì. "Wo iwájú!" ó jágbe mọ́ ọn.

 Gbogbo irọ́ tó ti ń tò jọ tán lọ́kàn Ìyá Alájá.

Adájọ́ wo eyín wọn, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn wọn, ó wo ìrìn wọn. Nígbà tó yá, ó dúró níwájú Ẹ̀fúùfù, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti na ọwọ́ láti bọ Ìyá Alájá lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ Sà," Ìyá Alájá wí, "ẹ ní sùúrù."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ okùn ọrùn ajá náà sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán rọra rìn lọ sí òdìkejì agbo, ó yíjú padà, ó sì dákẹ́. Ẹ̀fúùfù dá dúró láàárín. Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ fi hàn bó ṣe gbọ́ràn tó ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà bẹ́ lu ajá náà láti ọ̀tún àti òsì. Ó yí sí ìhín, ó yí sí ọ̀hún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá sáré síwájú, ó sì fi orí sọ tábìlì adájọ́. Ife ẹ̀yẹ ṣubú, ó yí gbirigbiri lọ.

Àtẹ́wọ́ dá.

"Pè é!" Alága ti dìde. "Kí ló dé tó ò pè é?"

"Bàbá, kò rí mi."

"Àbí kí lò ń sọ? Ìwọ náà wo ojú ẹ̀! Ó ń wo..."

"Kò wo nǹkan kan. Ìyá ẹ̀ tó ń tọ ògiri, kò ríran. Ọmọ ẹ̀ tí mo mú sílẹ̀, òun náà ń fọ́jú lọ. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ojú tí ẹ kọ́ wa pé ká máa yàn yẹn, àìsàn ni. Àwa la ń yàn án."

"Orí ẹ̀ ti dàrú!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Òmíràn ní kí wọ́n mú un jáde. Ìyá Alájá ò dá wọn lóhùn. "Ẹ̀fúùfù," ó pè é jẹ́jẹ́, ajá náà sì tọ ohùn náà wá tààrà, ó ki orí bọ abẹ́ apá rẹ̀.  Ó gbá a mọ́ra níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Bàbá náà ṣì wà lórí ìdúró.  Ó wo abo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ó di apá àga mú, ó sì rọra fi eékún kan kanlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó fi í kọjá níwájú ojú abo náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi í kọjá. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀, kò gbé e kúrò mọ́.

Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Nínú agbo, ọkùnrin tó fa ajá etí-wíwó gbì ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ajá rẹ̀. Ajá tirẹ̀ ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e kúnlẹ̀ níwájú tirẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn náà kúnlẹ̀, títí gbogbo wọn fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú àwọn ojú tí kò yí.